Òkìtì Ẹ̀kọ́ Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Mi Kó Jọ

Gbogbo ará àdúgbò wa ní Odode, ní Ìdànrè, ló mọ̀ mí mọ́ àpárá. Bí òkú kò bá sí nílẹ̀, mo lè sọ ohunkóhun di ẹ̀rín. Bó bá sì wà nílẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá sin ín tán kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní jọ́gíráfì, mo sì mọ̀ pé ọmọ tí a bá ń pa lẹ́rìn-ín kì í tètè sùn ní kíláàsì. Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé ẹ̀rín kan náà tó ń la ojú ọmọ lè pa ẹnu àgbà dé.

Ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é, Bàbá Ìbejì ni òun náà ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì ọ̀hún ti dàgbà, tí wọ́n ti wà ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń jẹun ara wọn. Tíṣà ni òun náà, ṣùgbọ́n tíṣà àwọn ọmọ kékeré. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fún un ní ilé-ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí ilé wa, ọdún mọ́kànlá ló sì ti wà nídìí rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ló kà. Kò ní ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni kankan. Ojú ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, bí ènìyàn ṣe ń kọ́ irun dídì. Síbẹ̀, bí ọmọ tí kò lè di pẹ́ńsù mú bá wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó tó di ìsinmi Kérésìmesì, ọmọ náà yóò ti máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá tó ni ilé-ìwé náà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní nígbà tí wọ́n bá wọlé fún ọdún tuntun, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni kò ní dúró níwájú kíláàsì mọ́. Kó lọ sí ẹ̀yìn, kó máa bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ jòjòló. Ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́fà kan wà tí wọ́n ń kọ́ láti orí fóònù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó fún ohun tí màmá náà ń béèrè. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi forúkọ sílẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó wí fún mi, “kò sí ohun tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Kí wọ́n sáà má gba kíláàsì kìíní.”

Ẹ wá wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárín àpáta ni ìlú wa wà. Bí ènìyàn bá dúró síbi tí òkè ti dí i, nẹ́tíwọ̀kì kò ní rí i. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi gbé fóònù kiri ilé bí ẹni tó ń wá adìyẹ tó sọnù, títí ó fi rí i pé lẹ́bàá fèrèsé palọ̀, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́, ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta máa ń dúró lórí fóònù náà. Ibẹ̀ ló sọ di iyàrá ìkàwé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wọn, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Bó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ iṣẹ́, yóò sì wé gèlè.

“Ta lo múra fún?” mo bi í. “Orí nìkan ni wọ́n ń rí. Bí o bá ró ìró àwọ̀sùn jókòó, wọn ò ní mọ̀.”

“Èmi á mọ̀,” ó ní.

Àárọ̀ ló ti máa ń fi fóònù sí iná, ní kété tí NEPA bá ti gbé e dé, torí kò sẹ́ni tó mọ wákàtí tí wọn yóò mú un padà. Bí kíláàsì bá kù díẹ̀, yóò pa ohùn Wásáàpù, àní ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí kì í sùn. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ ti kíláàsì yẹn nìkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò ohun tí olùkọ́ bá gbé sójú fóònù. Ọwọ́ ni tirẹ̀ fi ń kọ ọ́. Kí olùkọ́ tó yọjú, yóò ti kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sókè ojú-ewé, ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá parí, yóò pa ìwé dé, yóò wá bá mi níbi tí mo bá wà.

“Ẹ gbọ́ mi ná,” ni yóò wí, yóò sì ro gbogbo ohun tó kọ́ fún mi láìwo ìwé. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni yóò padà lọ kà. Ìdánwò kékeré kan sì wà fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde gan-an ló ń ṣe é, kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Èmi tí mo lọ yunifásítì, n kò ní ìdajì ìwà yìí rí. Ọ̀la ìdánwò ni mo máa ń rántí ibi tí ìwé mi wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbóríyìn fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí àyè wà láti fi í dá àpárá? Mo sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Orí Ẹ̀rọ Ìránṣọ. Bí àlejò bá wọlé, màá ní kí wọ́n rọra rìn, kí wọ́n má tẹ yunifásítì mi mọ́lẹ̀. Òun á rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín fún mi. Ẹ̀rín ló fi fẹ́ mi, ó ti sọ ọ́ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, olùkọ́ wọn ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀, kó fi ṣàlàyé bó ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré ní oǹkà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàwó mi ń bá ìkòkò sọ. Iṣẹ́ náà kò bà á lẹ́rù. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bà á lẹ́rù, nítorí ahọ́n Ìdànrè wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kàn án. Ó tan máìkì. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé bó ṣe máa ń kó kóró àgbàlùmọ̀ fún àwọn ọmọ, torí kóró náà ń yọ̀, ó dán, kò sì sí ọmọ tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ohùn rẹ̀ ti ń balẹ̀ bọ̀. Nǹkan ń lọ dáadáa.

Ìgbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa gan-an ni ẹnu máa ń yún mí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, àwo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ohùn mi di tín-ín-rín bíi ti ọmọ ọdún márùn-ún, mo fà á bí wọ́n ṣe ń fà á ní kíláàsì wọn:

“Gúdù àfutanúùn, Áńtíí! Kóró kan ti wọ imú mi oo!”

Ẹ̀rín bú nínú fóònù. Ó tó ogójì ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ní, “Áńtí, ẹ kọ́kọ́ yọ kóró nímú ọmọ yẹn ná.” Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó bá òun kí ọkọ rẹ̀. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, torí òun ni mo fi gbèjà ara mi fún oṣù púpọ̀: ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ìwé rẹ̀, ó wá ibi tó dé, kò rí i. Ó ní òun ti parí. Kò tíì lo ìṣẹ́jú méjì.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò wẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀.

“Kíláàsì ńkọ́?” mo bi í.

“Wọ́n máa ń gbà á sílẹ̀. Mo lè wò ó tó bá yá.”

“Ṣé kì í ṣe nítorí àpárá ọjọ́sí?”

“Àpárá wo?” ó ní. Ìrẹsì ló ń ṣà, kò gbójú sókè.

Bí mo bá jẹ́ ènìyàn ni, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi kì í pẹ́ di onímọ̀ràn. Dípò kí n tọrọ àforíjì, ọgbọ́n ni mo fún un. Ọgbọ́n oko sì ni.

Ní ọ̀nà Atosin, níbi tí oko kókó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà, a kì í ká kókó lónìí kí á fọ́ ọ lónìí. Òkìtì là ń kó o sí lábẹ́ igi. A ó máa ká a, a ó máa kó o jọ, títí yóò fi tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà náà la ó wá bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn olóko ìtòsí yóò wá, a ó jókòó yí òkìtì náà ká, ẹnu kò ní dákẹ́, ọwọ́ kò ní dúró, gbogbo rẹ̀ á fọ́ lójú kan. Ẹni tí wọ́n bá rí tó ń fọ́ kókó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yálà kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ tàbí kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá olè ni. Àsìkò kókó sì ti wọlé, a nílò ọwọ́ ìyàwó mi lóko.

“Ìyá Ìbejì,” mo ní, “kí lo ń fọ́ ẹyọ kókó kọ̀ọ̀kan sí? Gba gbogbo kíláàsì náà sílẹ̀ sórí fóònù. Jẹ́ kó di òkìtì. Bí a bá ti sá kókó tán, èmi àti ìwọ á jókòó tì í, a ó fọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti bẹ ara mi lọ́wẹ̀ fún ọ.”

Ó ṣì ń ṣa ìrẹsì. “Kókó tó bá pẹ́ jù nínú òkìtì ńkọ́? Ṣé kì í hù nínú èèpo ni?”

“Ta ló kàwé jù nínú ilé yìí?” Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe bi í.

“Ẹ̀yin ni,” ó ní.

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó sì sọ, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi ọmọ olóko kókó mọ̀ pé òkìtì tí òjò bá lù kọjá ọ̀sẹ̀ kan, bí a bá la èèpo rẹ̀, òmíràn á ti dúdú, òmíràn á ti bu, òmíràn á ti ta gbòǹgbò. Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ti nà mí rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ti jáde lẹ́nu mi, ó sì dùn létí mi.

Bí mo bá ti oko dé, màá bi í pé, “Òkìtì wa ti di mélòó?”

“Mẹ́sàn-án.” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, “Méjìlá.” Lọ́jọ́ kan ó ní fóònù ti kún, kò gba nǹkan mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti rí àyè. Ẹ̀yìn náà ni mo mọ̀ pé fọ́tò àwọn ìbejì láti kékeré, èyí tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá a fi ránṣẹ́, ló pa rẹ́ kí òkìtì mi lè ráyè.

Nígbà tí a sá kókó tán, a jókòó. Kíláàsì náà ṣì wà lóòótọ́, a gbọ́ ohùn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ń gun ara wọn lẹ́yìn: ìkẹwàá kò yé ẹni tí kò tíì gbọ́ ìkẹfà, bí a bá sì gbọ́ mẹ́ta lójúmọ́, ìkẹta á lé àkọ́kọ́ jáde lórí. Èmi tí mo bẹ ara mi lọ́wẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ sùn. Èyí tó burú jù ni àwọn ìdánwò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A tẹ ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ti tì. A tẹ ìkẹfà, ó ti tì. Ìyàwó mi ń tẹ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ. Ibì kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn, tí wọ́n sì ń gba máàkì fún un. Wọ́n ti bi ara wọn léèrè, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé, “Áńtí oníkóró àgbàlùmọ̀ dà? A kò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yẹn.” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo kọ lẹ́tà sí olùkọ́ wọn pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà níkùn mi. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: òfin ni òfin, kí ìyàwó mi bá àwọn tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun.

Ọdún tuntun wọlé nílé-ìwé. Ọmọbìnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí ló gba kíláàsì kìíní. Ìyàwó mi lọ sí ẹ̀yìn, sí yàrá àwọn jòjòló. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó padà wálé pẹ̀lú ìtọ́ ọmọ léjìká. Àpárá kan dé ẹnu mi lórí ìtọ́ yẹn. Mo gbé e mì. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá gbé ọ̀kan mì, ó sì ti pẹ́ jù.

Láàárín ọdún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ìsọ̀ Àlhájà tó ń ta ike lójú títì ló ń lọ, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, láti ìgbà tí ọmọ Àlhájà ti wà ní kíláàsì rẹ̀. Mo rò pé ó ń bá a tajà ni, mi ò sì béèrè. Ní Ọjọ́rú kan, mo ti ilé-ìwé dé, mo rí i pé mi ò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a níbẹ̀.

Mo fẹ́ wọlé, Àlhájà na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

“Tíṣà, ẹ dúró síta ná. Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́.”

“Kíláàsì wo?”

“Ti ìyàwó yín. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Obìnrin kan ń ra garawa lọ́wọ́. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀: ó na ìka sókè, Àlhájà mi orí, ó na ìka tirẹ̀, obìnrin náà ká ọ̀kan nínú ìka Àlhájà padà. Wọ́n ná ọjà náà parí láìla ẹnu. Ó jọ pé gbogbo oníbàárà ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àlhájà tí kò wọ kíláàsì rí láyé rẹ̀ rèé, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ.

Mo dojú garawa kan dé, mo jókòó lé e. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Oǹkà ni. Kóró àgbàlùmọ̀ ni. Ó ti bá àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún mi, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì tún fún un. Mo gbọ́ ọ títí ó fi dé ibi tí mo ti dá a dúró lọ́jọ́sí, mo yíjú, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó kọjá ibẹ̀.

N kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ọmọ ka kóró lórí tábìlì. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kejì ni yóò máa kó o sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń gbà á ni yóò sì máa pe iye rẹ̀. Ó ní bí oǹkà bá ti wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti bá obìnrin yìí gbé. Tíṣà ni mí. Lórí garawa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹnì kan bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Ahọ́n Ìdànrè wà níbẹ̀ gbooro, kò fi í pamọ́.

Nígbà tó jáde, ó rí mi, ó dúró. “Ẹ ti pẹ́ níbí?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà.”

Àlhájà wò mí, ó wo garawa tí mo jókòó lé. Èmi àti ìyàwó mi fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, oòrùn ti ń bọ́ sẹ́yìn òkè. Nígbà tí a dé ìyànà wa, mo ní, “Padà wálé wá máa kà. Fèrèsé rẹ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́rin, màá máa jáde.”

“Ilé dára,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó síbẹ̀, etí mi kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Etí tó kù kò tó gbọ́ ẹ̀kọ́.”

“Ṣé o ṣì ń bínú?”

“N kò bínú rí. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín ni.”

Ó yege. Kíláàsì kẹta ni wọ́n fún un nígbà tó yá, torí ọmọbìnrin tó wà ní kìíní ń ṣe dáadáa, kò sì sí ìdí láti yọ ọ́. Ìyàwó mi kò ráhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí ti mọ pẹ́ńsù dì mú, wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn. Ẹlòmíràn ló ti rí ojú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè ṣe é yege. Mo ń sọ fún wọn: ẹ wẹ̀, ẹ múra, bí ẹni kankan ò tilẹ̀ ní rí yín. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ mú ìbéèrè kan lọ. Ẹ rò ó fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ tó bá jáde. Ẹ la ẹnu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rù tó mọ ilé yín. Kí ẹ sì wá ẹni tí yóò bá yín ná garawa pẹ̀lú ìka. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí tó kẹ́yìn, wọ́n rò pé àpárá ni. Wọ́n tún rò pé ọgbọ́n mi ni.

Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri ìsọ̀ Àlhájà, láàárín agbọ̀n ike àti ife. Mo ní kí n gbé e wá sí palọ̀, ìyàwó mi ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn tí èmi nìkan bá wà nílé, mo máa ń gbé fóònù mi lé e, kí n wò ó. Ọ̀pá mẹ́ta ṣì ń dúró.